Búlọ́ọ̀kù Méje Tí Ó Gba Ayé Kan: Ìtàn Eré Tetris àti Ẹni Tí Ó Jẹ Èrè Rẹ̀

Bí a bá bi ọmọdé òde òní léèrè ohun tí ó wù ú nínú eré orí ẹ̀rọ, yóò ka nǹkan púpọ̀ sílẹ̀: akọni tí ó ń fi ìbọn jà, mọ́tò tí ó ń sáré àsápajúdé, àwọn gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù tí a yà sínú ẹ̀rọ bí ẹni pé wọ́n ń mí. Síbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn eré tí aráyé tíì rà jù lọ láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti dé kò ní ẹyọ kan nínú gbogbo ìwọ̀nyí. Kò ní akọni, kò ní ọ̀tá, kò ní ìtàn, kò ní ojú, kò ní imú. Búlọ́ọ̀kù ni ó ń já bọ́ láti òkè, ẹni tí ó di ẹ̀rọ mú a sì máa tò wọ́n. Orúkọ eré náà ni Tetris.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìbéèrè méjì ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí. Èkíní ni pé, kí ni ó wà nínú eré yìí tí tọmọdé tàgbà, ọ̀mọ̀wé àti ẹni tí kò mọ̀wé, fi ń jókòó tì í títí ilẹ̀ yóò fi ṣú? Èkejì ni pé, ta ni ó jẹ èrè rẹ̀? Nítorí ọkùnrin tí ó fi ọpọlọ rẹ̀ ṣẹ̀dá Tetris kò rí owó gidi gbà lórí rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjìlá, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ti tà á, tí wọ́n ti tún un tà, tí wọ́n sì ti gbé ara wọn lọ sí kóòtù nítorí rẹ̀.

Mọ́skò, ọdún 1984

Alexey Pajitnov ni orúkọ ọkùnrin náà. Ọmọ ọdún 29 ni ní ọdún 1984, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó kọ̀ǹpútà tí ó wà lábẹ́ Àjọ Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Soviet ní ìlú Mọ́skò. Lára iṣẹ́ tí ìjọba ń san owó oṣù fún un lé lórí ni ìwádìí nípa bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa dá ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn mọ̀. Ẹ̀rọ tí ó wà níwájú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Electronika 60, kò lè ya àwòrán rárá. Lẹ́tà àti àmì ìkọ̀wé nìkan ni ó lè gbé jáde. Nígbà tí ẹ̀rọ tuntun bá dé, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ agbára rẹ̀ ní láti kọ ètò kékeré kan tí yóò fi dán an wò. Pajitnov fẹ́ràn eré, nítorí náà eré ni ó máa ń kọ.

Ó ti mọ eré kan láti ìgbà èwe tí wọ́n ń pè ní pentomino. Ègé 12 ni ó wà nínú àpótí rẹ̀, igun mẹ́rin kékeré márùn-ún tí a so pọ̀ sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Iṣẹ́ ẹni tí ó ń ṣe é ni kí ó dá gbogbo wọn padà sínú àpótí láìsí àlàfo kankan. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú rẹ̀ rí mọ̀ pé àtidà á sílẹ̀ kò le, àtikó o padà ni iṣẹ́. Pajitnov rò ó pé kí òun gbé irú eré yìí sórí kọ̀ǹpútà, kí àwọn ègé náà máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè, kí ènìyàn sì máa yí wọn kí wọ́n tó balẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí i pé oríṣi méjìlá ti pọ̀ jù fún ojú láti dá mọ̀ wéré. Ó yọ igun mẹ́rin kan kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá ku mẹ́rin-mẹ́rin, oríṣi méje péré ni ó sì ṣẹ́ kù: ọ̀pá gbọọrọ kan, ọ̀kan tí ó dọ́gba níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí àpótí, ọ̀kan tí ó dà bí lẹ́tà T, méjì tí ó dà bí ọkọ́, tí èkíní kọjú sí ọ̀tún, tí èkejì kọjú sí òsì, àti méjì tí ó wọ́ bí àtẹ̀gùn, tí àwọn náà kọ ẹ̀yìn sí ara wọn. Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí mẹ́rin àti orúkọ eré tẹ́níìsì, tí ó fẹ́ràn láti máa gbá, ni ó ti fa orúkọ Tetris yọ.

Kò pẹ́ tí ìṣòro yọjú. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ojú ẹ̀rọ ti kún, eré sì ti parí. Pajitnov wo àwọn ìlà tí ó ti kún láìní àlàfo, ó sì rí i pé wọn kò ní iṣẹ́ kankan mọ́; àyè lásán ni wọ́n ń gbà. Ó kọ ọ́ sínú ètò rẹ̀ pé ìlà tí ó bá ti kún kí ó pòórá, kí ohun tí ó wà lórí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ìpinnu kékeré yìí ni ó sọ eré ìṣẹ́jú àáyá di eré tí kò lópin. Pajitnov fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ nígbà púpọ̀ pé òun kò lè fi í sílẹ̀: òun a máa tan ara òun jẹ pé òun ń yẹ ètò náà wò bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ eré ni òun ń ṣe.

Àwọn méjì ni ó bá a gbé iṣẹ́ náà síwájú: Dmitry Pavlovsky, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, àti Vadim Gerasimov, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí kò ju ọdún 16 lọ. Wọ́n kó o lọ sórí kọ̀ǹpútà IBM, wọ́n sì fi àwọ̀ sí i. Láti ibẹ̀ ni eré náà ti bọ́ sígboro. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tí ó ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Mọ́skò nígbà náà; ẹni tí ó bá ní díísíkì a ṣe ẹ̀dà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ a ṣe fún ọ̀rẹ́. Vladimir Pokhilko, ọ̀rẹ́ Pajitnov tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa ìṣesí àti ìrònú ẹ̀dá, mú un lọ sí ilé iṣẹ́ ìmọ̀ ìṣègùn tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ìtàn sọ pé iṣẹ́ dúró níbẹ̀, àfi ìgbà tí Pokhilko tó pa eré náà rẹ́ lórí àwọn ẹ̀rọ wọn kí wọ́n tó gbé orí sókè.

Ọjà tí a kò tíì rà

Yorùbá ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Bí ètò ilẹ̀ Soviet ṣe rí nìyẹn. Ìjọba ni ó ni ilé iṣẹ́, òun ni ó ni ẹ̀rọ, òun ni ó ń san owó oṣù; nítorí náà, ohun tí òṣìṣẹ́ bá fi orí ara rẹ̀ ṣẹ̀dá níbẹ̀, ti ìjọba ni. Pajitnov kò bá wọn jà sí i. Ó fi ẹ̀tọ́ orí eré náà sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá.

Ní ọdún 1986, eré náà ti dé ìlú Budapest ní ilẹ̀ Húngárì. Níbẹ̀ ni Robert Stein, oníṣòwò kan tí ó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, ti rí i. Ó jókòó láti fọwọ́ kàn án fún ìgbà díẹ̀, kò sì lè dìde. Ó fi ìwé ránṣẹ́ sí Mọ́skò lórí ẹ̀rọ téléèsì pé òun fẹ́ ra ẹ̀tọ́ rẹ̀. Pajitnov dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ náà wu àwọn. Èsì ọmọlúàbí tí ó túmọ̀ sí pé ẹ jẹ́ kí á jọ sọ ọ́, Stein gbà á bí ẹni pé wọ́n ti tà fún òun. Kí ó tó ní ìwé àdéhùn kankan lọ́wọ́, ó ti ta ẹ̀tọ́ náà fún ilé iṣẹ́ méjì, Mirrorsoft ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Spectrum HoloByte ní Amẹ́ríkà, tí àwọn méjèèjì wà lábẹ́ agboolé òwò Robert Maxwell, ọlọ́rọ̀ oníwèé-ìròyìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1988, Tetris wà lórí àtẹ ní Amẹ́ríkà nínú páálí pupa tí wọ́n ya ṣọ́ọ̀ṣì olókìkí Mọ́skò sí lára.

Ẹni tí ó bá ti ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ rí yóò mọ ibi tí ìtàn yìí ń lọ. Mirrorsoft ta ẹ̀tọ́ ti eré inú tẹlifíṣọ̀n fún Atari Games. Atari Games ta ti ilẹ̀ Jàpáànì fún Henk Rogers. Olúkúlùkù ní ìwé lọ́wọ́, olúkúlùkù sì san owó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lọ bá baálé ilé. Baálé náà ni Elorg, àjọ ìjọba Soviet kan ṣoṣo tí ó ní àṣẹ láti ta ètò kọ̀ǹpútà fún ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí Elorg yóò fi bá Stein ṣe àdéhùn ní ọdún 1988, ti kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n fún un.

Ní oṣù kejì ọdún 1989, àwọn mẹ́ta kóra jọ sí Mọ́skò láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra wọn, láìjẹ́ pé wọ́n bá ara wọn ṣàdéhùn. Èkíní ni Stein. Èkejì ni Kevin Maxwell, ọmọ ọlọ́rọ̀ yẹn. Ẹ̀kẹta ni Henk Rogers, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì tí ó dàgbà sí New York, tí ó sì ń ṣòwò eré orí ẹ̀rọ ní Jàpáànì. Rogers ti rí Tetris ní ibi ìpàtẹ kan ní Las Vegas ní oṣù kìíní ọdún 1988. Ó tò sórí ìlà lẹ́ẹ̀kan, ó tún padà lọ tò léraléra. Ó mọ̀ pé ilé iṣẹ́ Nintendo ń ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí ènìyàn lè máa mú kiri, ó sì fẹ́ gba ẹ̀tọ́ Tetris fún un. Nígbà tí Stein kò fún un ní èsì tí ó dúró, ó wọ bàálù lọ sí Mọ́skò bí arìnrìn-àjò afẹ́, láìní ìwé ìpè, ó sì wá Elorg kàn.

Nikolai Belikov ni ọ̀gá tí ó gbà á lálejò níbẹ̀. Rogers gbé káátíríìjì Tetris tí òun ti ń tà ní Jàpáànì fún eré inú tẹlifíṣọ̀n jáde, kí ó lè fi iṣẹ́ rẹ̀ yangàn. Ó ya Belikov lẹ́nu: Elorg kò fún ẹnikẹ́ni ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ rí. Rogers rí i pé ọwọ́ ẹni tí kò ni nǹkan ni òun ti rà á. Dípò kí ó máa jiyàn, ó ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, ó sì gbà láti san owó lórí gbogbo èyí tí ó ti tà. Ìwà yìí ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Nígbà tí wọ́n fi káátíríìjì kan náà han Kevin Maxwell, ó ní ayédèrú ni yóò jẹ́. Kò mọ̀ pé ọwọ́ ilé iṣẹ́ tiwọn gan-an ni ẹ̀tọ́ náà ti kọjá kí ó tó dé Jàpáànì.

Ọgbọ́n tí Belikov dá sí ti Stein ni ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń fọwọ́ sí ìwé kọ́. Ó gbé àtúnṣe ìwé àdéhùn wá. Owó ìtanràn ńlá wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí ó bá pẹ́ kí ó tó sanwó, ibẹ̀ sì ni Stein gbájú mọ́. Kò kọbi ara sí gbólóhùn kékeré kan tí ó sọ ohun tí à ń pè ní kọ̀ǹpútà: ẹ̀rọ tí ó ní ojú, bọ́tìnnì ìtẹ̀wé, ibi tí à ń ki díísíkì bọ̀, àti ètò tí ń darí rẹ̀. Ó fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ eré inú tẹlifíṣọ̀n bọ́ sẹ́yìn ohun tí ó lè pè ní tirẹ̀. Ní oṣù kẹta, Nintendo fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú Elorg. Maxwell àgbà bínú, a sì gbọ́ pé ó gbé ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Gorbachev, olórí ìlú, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 1989, adájọ́ Fern Smith ní California pàṣẹ pé kí Tengen, ẹ̀ka Atari Games, kó Tetris tirẹ̀ kúrò lọ́jà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún káátíríìjì di ohun tí wọ́n kó sí yàrá ẹrù.

Ẹ̀rọ inú àpò

Ẹ̀rọ tí Rogers ń bá kiri ni Game Boy. Gunpei Yokoi àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ni ó ṣe é. Ó jáde ní Jàpáànì ní oṣù kẹrin ọdún 1989, ó sì dé Amẹ́ríkà ní oṣù keje. Ojú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní iná, bátìrì mẹ́rin ni ó sì ń jẹ. Eré tí ó kún fún àwòrán ìbá dà rú lójú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù kò béèrè ju dúdú àti funfun lọ. Minoru Arakawa, ọ̀gá Nintendo ní Amẹ́ríkà, ń rò ó láti fi eré Mario sínú páálí ẹ̀rọ náà bí ẹ̀bùn. Ìmọ̀ràn Rogers fún un ni pé bí àwọn ọmọdékùnrin nìkan bá ni ó fẹ́ kí ó rà á, kí ó fi Mario sí i. Bí gbogbo ènìyàn bá ni, kí ó fi Tetris sí i. Arakawa gbà á gbọ́. Tetris ti Game Boy tà tó mílíọ̀nù 35, orin ìbílẹ̀ Rọ́ṣíà tí wọ́n fi sí i, Korobeiniki, sì di ohun tí àwọn tí kò mọ ibi tí Rọ́ṣíà wà ń fi imú kọ. Ní ọdún 1993, Aleksandr Serebrov mú Game Boy àti Tetris tirẹ̀ gòkè lọ sí ibùdó òfuurufú Mir.

Àwa náà kò gbẹ́yìn. Ẹni tí ó bá jẹ́ ọmọdé ní Nàìjíríà láàárín ọdún 1990 sí 2000 yóò rántí ẹ̀rọ onípiláásítíìkì kékeré tí à ń pè ní bíríìkì géèmù, tí ó ń ké tín-ín-tín, tí wọ́n kọ nọ́ńbà gàdàgbà sí lára bí ẹni pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún eré wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ń kó o wá. Eré àkọ́kọ́ inú rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń tò sórí ìlà láti ṣe, iṣẹ́ Pajitnov ni, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò sí lára rẹ̀, a kò sì béèrè.

Ohun tí ó fi ń gbani lọ́kàn

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè àkọ́kọ́. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kò sí ẹni tí a ní láti kọ́ ní Tetris. Ẹni tí ó bá ti to ẹrù sínú bùútù mọ́tò rí, tí ó ti to ìkòkò sínú agbada, tàbí tí ó ti wo bíríkìlà níbi tí ó ti ń to búlọ́ọ̀kù, ti mọ̀ ọ́n. Àlàfo ń dun ojú ènìyàn. Ọwọ́ a máa yá láti dí i. Pajitnov kò dá ìfẹ́ yìí sílẹ̀, ó wà lára wa tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà tí ìfẹ́ náà yóò fi máa rí oúnjẹ jẹ láìyó ni ó wá fún un.

Èkejì ni ọ̀nà tí eré náà fi ń sanwó iṣẹ́. Nínú Tetris ti Nintendo, ìlà kan tí ó bá pòórá ní ìpele ìbẹ̀rẹ̀ ń mú máàkì 40 wá, méjì lẹ́ẹ̀kan náà, 100, mẹ́ta, 300, mẹ́rin, 1,200. Ọ̀pá gbọọrọ nìkan ni ó lè mú ìlà mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń lépa máàkì yóò mọ ògiri sókè, yóò fi ihò tóóró kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sì máa retí ọ̀pá. Bí ọ̀pá bá tètè dé, ẹ̀rín ni. Bí ó bá pẹ́, ògiri ń ga, búlọ́ọ̀kù ń yára sí i, ọkàn ń lù kìkì. Ó lè fi búlọ́ọ̀kù mìíràn dí ihò náà kí ó sinmi, ṣùgbọ́n ìrètí kò ní jẹ́. Sùúrù àti ojúkòkòrò ń bá ara wọn jà ní gbogbo ìgbà, ẹni kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń gbé inú rẹ̀.

Ibí yìí ni Tetris ti yàtọ̀ sí ayò ọlọ́pọ́n wa. Nínú ayò, ọ̀ta àti ọ̀pẹ jókòó kojú ara wọn, òǹwòran pé jọ, ẹnu kò sì sinmi. Ẹni tí ó bá pàdánù lè ní òǹwòran ni ó là á lóye, tàbí pé kò tíì jẹun. Nínú Tetris, kò sí ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ. Òkìtì tí ó ń pa ọ́ lọ, ìwọ ni o fi ọwọ́ ara rẹ to gbogbo rẹ̀. Ohun tí o tò dáradára ti pòórá, kò sí ẹni tí yóò rí i mọ́. Ohun tí o tò ní ìtòkutò ni ó dúró tì ọ́ níwájú. Bí eré bá parí, ènìyàn kì í sọ pé wọ́n ṣẹ́gun òun. Ohun tí ó máa ń sọ ni pé òun ìbá ti yí èyí yẹn sí òsì. Ọ̀rọ̀ “òun ìbá ti” yìí ni ó ń mú un tún bẹ̀rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ náà ti gbé eré yìí lé orí ìwọ̀n. Ní ọdún 1994, David Kirsh àti Paul Maglio ní California tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe kì í kọ́kọ́ ronú tán kí wọ́n tó yí búlọ́ọ̀kù. Wọ́n ń yí i kí wọ́n lè fi ojú rí ohun tí ìbá gba orí wọn ní àkókò láti rò. Ọwọ́ ń bá ọpọlọ ronú, bí ìgbà tí télọ̀ bá ń yí aṣọ lórí tábìlì kí ó tó gé e. Ní ọdún 2000, Robert Stickgold àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard ní kí àwọn ènìyàn ṣe Tetris fún ọjọ́ mẹ́ta. Púpọ̀ nínú wọn rí búlọ́ọ̀kù tí ó ń já bọ́ nígbà tí oorun ń gbé wọn lọ. Márùn-ún wà nínú wọn tí àìlera ọpọlọ ti gba agbára ìrántí lọ́wọ́ wọn, tí wọn kò tilẹ̀ lè rántí pé àwọn ṣe eré kankan. Mẹ́ta nínú àwọn márùn-ún yìí rí búlọ́ọ̀kù náà bákan náà.

Láti ara irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀ ni ìrànwọ́ gidi ti jáde. Emily Holmes àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford rò ó pé bí Tetris bá ń gba ojú inú ènìyàn tó báyìí, ó lè má jẹ́ kí àwòrán ohun búburú ríbi jókòó sí. Ní ọdún 2009 wọ́n fi hàn pé àwọn tí ó wo fíìmù adẹ́rùbani, tí wọ́n sì ṣe Tetris fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, kò rí àwòrán fíìmù náà lójú inú léraléra bí àwọn tí kò ṣe é. Ní ọdún 2017 wọ́n tẹ àbájáde irú rẹ̀ mìíràn jáde, tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ènìyàn 71 tí jàǹbá ọkọ̀ gbé dé ilé ìwòsàn. Àwọn tí a ní kí ó ronú sí jàǹbá náà kí wọ́n tó ṣe Tetris kò rí àwòrán rẹ̀ tó àwọn yòókù ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tí ó ti ní jàǹbá ní òpópónà márosẹ̀ rí, tí ó ń ta gìrì lóru, yóò mọ iye tí ìyẹn tó.

Ṣé ènìyàn lè borí rẹ̀ títí láé? Rárá. Ní ọdún 1997, onímọ̀ ìṣirò Heidi Burgiel fi hàn pé bí ó bá jẹ́ pé àwọn búlọ́ọ̀kù méjì tí ó wọ́ bí àtẹ̀gùn nìkan ni ó ń dé, tí wọ́n ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn, kò sí ọgbọ́n tí ènìyàn lè dá tí òkìtì kò ní dé òrùlé. Síbẹ̀ àwọn ọmọ aráyé kò yé gbìyànjú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tí ń ṣe Tetris ti Nintendo gbà pé ìpele 29 ni òpin, nítorí pé búlọ́ọ̀kù ń já bọ́ níbẹ̀ ju bí ọwọ́ ṣe lè tẹ bọ́tìnnì lọ. Àwọn ọ̀dọ́ wá ọ̀nà tuntun láti fi ìka lu ẹ̀yìn ohun tí à ń dì mú náà, wọ́n sì kọjá ibẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá ọdún 2023, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 13 kan ní Oklahoma dé ìpele 157, ẹ̀rọ sì dákú mọ́ ọn lọ́wọ́. Òun ni ènìyàn àkọ́kọ́ tí ó ṣe eré náà títí agbára ẹ̀rọ fi pin, láti ìgbà tí ó ti jáde ní ọdún 1989.

Ta ni ó jẹ èrè rẹ̀?

Ilẹ̀ Soviet túká ní ọdún 1991, ọdún náà gan-an ni Pajitnov kó lọ sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí ọdún mẹ́wàá tí ó fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀ pé, Rogers, tí wọ́n ti di ọ̀rẹ́ láti ìgbà Mọ́skò, ràn án lọ́wọ́ láti gbà á padà. Ní ọdún 1996 wọ́n dá ilé iṣẹ́ Tetris sílẹ̀, ìgbà náà ni owó orí eré náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é. Ọdún tí Game Boy tà bí ẹ̀kọ gbígbóná ti kọjá.

Ó rọrùn láti kà èyí kí a sì pe gbogbo àwọn yòókù ní olè, ṣùgbọ́n ìtàn náà kò rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀. Bí kò bá jẹ́ pé àwọn ará Mọ́skò ń ṣe ẹ̀dà fún ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́, Tetris kì bá tí dé Budapest. Bí Stein kò bá yára jù, bóyá inú díísíkì kan ní Mọ́skò ni ì bá parí ayé rẹ̀ sí. Rogers jèrè, ṣùgbọ́n òun náà ni kò gbàgbé ẹni tí ó ṣe é. Ohun tí ó ká mi lára ni pé, nínú gbogbo ìjà oṣù kejì ọdún 1989, tí àwọn ọlọ́rọ̀ àti amòfin ń fa ìwé mọ́ ara wọn lọ́wọ́, Pajitnov jókòó nínú yàrá kan náà pẹ̀lú wọn, kò sì sí ìwé kankan tí ó kọ orúkọ rẹ̀ sí ibi tí owó yóò gbà.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà báyìí, tí wọ́n ń ya àwòrán, tí wọ́n ń lu ìlù sínú ẹ̀rọ fún ilé iṣẹ́ tí ó ń san owó oṣù fún wọn. Ẹ má sọ fún wọn pé kí wọ́n fi iṣẹ́ wọn pamọ́; ohun tí a fi pamọ́ kò gba ayé kan rí. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n ka ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí, títí dé gbólóhùn tí ó kéré jù lọ nínú rẹ̀, kí wọ́n sì béèrè ìgbà tí ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ yóò padà sí ọwọ́ wọn. Pajitnov fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, kò fi í sílẹ̀ títí láé. Nọ́ńbà kékeré yẹn ni ó jẹ́ kí ó rí nǹkan kan gbà nígbẹ̀yìn.